Asọ̀rọ̀mágbèsì: Bí Rédíò Ìjọba Ṣe Dé Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Àwọn tó kọ́kọ́ rí rédíò nílẹ̀ Yorùbá fún un lórúkọ kan tó ṣì ń yà mí lẹ́nu: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń rojọ́ láàárọ̀ tó tún ń rojọ́ lálẹ́, wọ́n sì rí i pé bí ènìyàn pariwo mọ́ ọn títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, kò ní dúró gbọ́. Inú orúkọ yẹn ni ìtàn rédíò ìjọba lápá ọ̀dọ̀ wa wà, láti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́, láti Àkúrẹ́ dé Adó-Èkìtì. Ẹni tí wọn ò gba èsì lẹ́nu rẹ̀ ló kọ́ ilé rédíò. Àwọn tí ilé náà wá bọ́ sí lọ́wọ́ kò gba èsì lẹ́nu ẹlòmíràn.

Kí rédíò tó dé Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, akéde ló ń gbé agogo kiri. Gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó rán an. Bí akéde bá ní Ajerò, ọba Ìjerò, ní kí wọ́n jáde wá tún ọ̀nà ọjà ṣe, kò sẹ́ni tó máa rò pé akéde ló dá ọ̀rọ̀ náà rò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò bá sì tẹ́ lọ́rùn mọ ilé olóyè tó máa gbà kọjá kó tó dé ààfin, ó sì lè lọ sọ tẹnu rẹ̀. Rédíò dé, ó gba agogo lọ́wọ́ akéde, ṣùgbọ́n ó fi ẹni tó rán an pa mọ́, ó sì sọ ọ̀nà ààfin di igbó.

Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì jìnnà sí ibi tí ohùn ti ń jáde. Ilẹ̀ òkè ni. Òkè ló yí Ẹ̀fọ̀n ká, òkè ló wà lẹ́yìn Òkèmẹ̀sí, ohùn FM kì í sì í mọ òkè gùn: ibi tí òpó rẹ̀ bá lè rí tààrà ló máa ń dé. Nígbà tí ayé ṣì jẹ́ ti rédíò alágbèéká tó ń lo bátìrì, ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń sá bátìrì tó bá ti ń kú sóòrùn kó lè tún sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ohun tí ènìyàn bá ṣe wàhálà tó báyìí kó tó gbọ́, ó máa ń gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1953, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún náà, Anthony Enahoro dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó, ó ní kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956. Ẹgbẹ́ Action Group ló ti wá, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ bí àwọn bàbá wa ṣe ń pè é. Àwọn aṣòfin láti Òkè Ọya ò fẹ́ kí wọ́n dá ọdún sí i. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ pé nígbàkigbà tó bá ti lè ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ dìjà. Àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti ti ẹgbẹ́ NCNC dìde, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Gómìnà John Macpherson wá lọ sórí rédíò ìjọba, tí wọ́n ń pè ní Nigerian Broadcasting Service nígbà náà, ó sì dá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ lẹ́bi ní gbangba. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ aṣáájú nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní kí wọ́n fún òun náà láàyè lórí rédíò yẹn kan náà kí òun fèsì. Wọn ò fún un.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé BBC ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe rédíò náà. Ará BBC kan, Tom Chalmers, ló kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá rẹ̀ ní 1951. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, BBC àti àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ti ṣe àdéhùn láti 1947 pé bí mínísítà bá sọ ọ̀rọ̀ tó lè dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lórí rédíò, alátakò lè béèrè ààyè láti fèsì. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kọjá òkun wá fún wa, wọ́n sì fi àdéhùn rẹ̀ sílẹ̀ nílé.

Awólọ́wọ̀ ní ìwé ìròyìn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1949 ló ti dá Nigerian Tribune sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Ó lè fèsì níbẹ̀, ó sì ń fèsì. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn àgbẹ̀ kòkó Ìjerò àti Arámọkọ ló lè ka Gẹ̀ẹ́sì ní 1953? Rédíò kò béèrè pé kí ènìyàn mọ̀wé. Ìdí nìyẹn tí gómìnà fi lọ síbẹ̀, ìdí náà sì nìyẹn tí Awólọ́wọ̀ ò fi jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán níbẹ̀.

Òfin ìjọba tuntun ti 1954 gba àwọn ìjọba ẹkùn láyè láti ní ilé ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bá iléeṣẹ́ òyìnbó kan, Overseas Rediffusion, dòwò pọ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn, àkọ́kọ́ nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Kò pẹ́ tí rédíò WNBS fi tẹ̀ lé e. Nínú ayẹyẹ gbogbo, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìlọsíwájú ni wọ́n ń sọ, òótọ́ sì ni, amóhùnmáwòrán náà kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé lẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ ohun tó bí i ni èsì tí wọ́n fi du ọkùnrin kan lọ́dún mẹ́fà ṣáájú.

Ọdún mẹ́ta péré ni ilé náà fi jẹ́ ti àwọn tó kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fọ́ sí méjì. Ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1962. Ní oṣù kìíní 1963, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, Prẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn, padà sórí àlééfà. Ilé tí Ọlọ́pẹ kọ́ láti fi fèsì bọ́ sábẹ́ rẹ̀, àwọn Ọlọ́pẹ sì di ará ìta. Akíntọ́lá kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ ìròyìn. Olóòtú Daily Service ni nígbà ayé ọ̀dọ́ rẹ̀, ó mọ ohun tí ìwé ìròyìn lè ṣe. Ní oṣù kẹta 1964, ìjọba rẹ̀ dá Daily Sketch sílẹ̀ kó lè máa kojú Tribune. Owó ìlú ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Owó orí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ka Tribune wà nínú rẹ̀.

Ìdìbò ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá 1965 wá dé, pẹ̀lú màgòmágó tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, ọkùnrin kan wọ ilé rédíò n'Ìbàdàn pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá sáfẹ́fẹ́. Ó mú kí wọ́n yọ téèpù Prẹ́míà, kí wọ́n fi òmíràn sí i, èyí tó ní kí Akíntọ́lá kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Wọ́n mú Wọlé Ṣóyínká fún un. Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣó dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀. Mi ò fara mọ́ kí ènìyàn gbé ìbọn wọ ilé ìròyìn, nítorí òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọkùnrin náà wá ṣe. Kò wá jí owó. Àyè ìṣẹ́jú mélòó kan láti fèsì ló wá gbà, nínú ilé tí wọ́n kọ́ torí pé wọ́n fi irú àyè bẹ́ẹ̀ du ẹlòmíràn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, rògbòdìyàn Wẹ́tìẹ ti jó ilé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ológun ti gbàjọba, Akíntọ́lá ti kú.

Àwọn ológun gba gbogbo amóhùnmáwòrán fún ìjọba àpapọ̀. WNTV di NTA. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀, Èkìtì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo Àkúrẹ́ bí olú ìlú. Lẹ́yìn náà ni òfin 1979 dé, pẹ̀lú gbólóhùn kan tí mo ka sí ọ̀kan nínú èyí tó ba iṣẹ́ ìròyìn jẹ́ jù lórílẹ̀-èdè yìí: kò sẹ́ni tó lè ní ilé rédíò tàbí amóhùnmáwòrán àfi ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀, tàbí ẹni tí Ààrẹ bá fún láṣẹ. Ní Àkúrẹ́, ìjọba ẹgbẹ́ UPN ti Gómìnà Adékúnlé Ajáṣin ní iléeṣẹ́ OSRC. Ìjọba àpapọ̀ tó jẹ́ ti NPN ní NTA àti Radio Nigeria. Ilé méjì, ọ̀gá méjì, ìlú kan náà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ Ìjerò.

Akin Ọmọ́boríowó, agbẹjọ́rò, ọmọ Ìjerò-Èkìtì, ni igbákejì Ajáṣin láti 1979. Ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀ gidi ni. Ó kọ ìwé kan tó pè ní Awoism ní 1982 lórí ìlànà ọ̀gá rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, òun àti Ajáṣin jìjọ du tíkẹ́ẹ̀tì UPN, Ajáṣin ni wọ́n mú, Ọmọ́boríowó sì gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó kọjá sí NPN. Ìgbà tó fi jẹ́ igbákejì gómìnà, rédíò ìpínlẹ̀ jẹ́ ti ìjọba tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tó jáde, ó jáde kúrò nínú rédíò náà pẹ̀lú, ó sì bọ́ sí ọwọ́ rédíò kejì.

Wọ́n dìbò gómìnà ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ 1983. Ní ọjọ́ 16, àjọ FEDECO kéde pé Ọmọ́boríowó ló wọlé. Iná sọ ní Àkúrẹ́, ó sọ ní Adó, ó ràn káàkiri Èkìtì. Wọ́n pa Ọláìyá Fágbàmígbé, ẹni tó ń tẹ ìwé Yorùbá jáde, tó ti bá NPN lọ. Ilé ẹjọ́ gíga ní Àkúrẹ́ wo àwọn ìwé èsì ìbò, ó ní Ajáṣin ló borí. Nígbà tí ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, Ajáṣin náà ni wọ́n dá láre.

Mo máa ń ro ti ẹnì kan tó wà ní Ìjerò láàárín ọjọ́ 13 sí 16 oṣù náà, tó fẹ́ mọ òtítọ́ nìkan. Ọmọ ìlú rẹ̀ ló ń dupò. Rédíò kan ń bẹ tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀, òmíràn jẹ́ ti ẹgbẹ́ tó ń bá a jà. Bó bá ra ìwé ìròyìn, Tribune jẹ́ ti Awólọ́wọ̀. Àwọn ìjọba UPN ló ni Sketch, tó wà lọ́wọ́ ìjọba Akíntọ́lá nígbà kan. Concord ni M.K.O. Abíọ́lá dá sílẹ̀ ní 1980 nígbà tó wà nínú NPN, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1982. Ìwé ìròyìn tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ló máa sọ ẹni tó borí fún un. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n kí ni kí á pe ẹni tí wọn ò jẹ́ kó rí ẹnu kejì gbọ́ rárá? Ní ọdún náà, àwọn tó pa ènìyàn torí ìbò ti gbọ́ ìròyìn kí wọ́n tó jáde nílé. Mi ò ní ìwọ̀n tí mo lè fi wọn ìpín tí àwọn ilé ìròyìn ní nínú ẹ̀jẹ̀ náà, àmọ́ ó dá mi lójú pé wọ́n ní ìpín.

Ìjọba ológun tó padà dé ní òpin ọdún náà kó gbogbo wọn dà nù. Nínú àwọn tí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn gbà ni Dáre Babárìnsá, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin kúrò ní ìwé ìròyìn Newswatch, tí wọ́n dá TELL sílẹ̀ ní 1991. Akọ̀ròyìn ni wọ́n, akọ̀ròyìn náà ló ni ín, wọ́n sì fojú winá ìjọba ológun Abacha torí rẹ̀. Láti ilẹ̀ òkèèrè, Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọmọ Ìsàn-Èkìtì, wà lára àwọn tó gbé Radio Kudirat kalẹ̀ ní 1996, rédíò tó ń sọ fún àwọn ará ilé ohun tí Abacha kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1996. Bí ìpínlẹ̀ tuntun ti ń wá ilé ìjọba àti ọkọ̀ gómìnà ló ń wá rédíò tirẹ̀. Bí Adó-Èkìtì ṣe di ilé ohùn nìyẹn. Inú wa dùn sí i. A ti ń gbọ́ ohùn àwọn ará ibòmíràn fún ogójì ọdún, ó sì dára kí ènìyàn gbọ́ ẹ̀ka èdè Èkìtì lẹ́nu ẹ̀rọ. Ètò ilé náà ni kò yàtọ̀. Gómìnà ló ń yan ọ̀gá rẹ̀, owó ìjọba ló ń san owó oṣù, gómìnà tuntun sì lè yọ ẹni tí ti tẹ́lẹ̀ fi síbẹ̀. Fáyẹmí tó ti fi rédíò bá ìjọba jà di gómìnà ní 2010, Ayọ̀ Fáyòṣé padà dé ní 2014. Ilé náà ń bá ọwọ́ tó dì í mú lọ.

Ní ọjọ́ 14 oṣù keje 2018, Èkìtì dìbò. Kí àjọ INEC tó kéde ohunkóhun, Gómìnà Fáyòṣé bọ́ sórí iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ó ní igbákejì òun, Ọlúṣọlá Ẹlẹ́ka ti PDP, ló borí. INEC ní Fáyẹmí ti APC ni, pẹ̀lú ìbò 197,459 sí 178,121. Àjọ NBC ti ìjọba àpapọ̀, tó ń ṣàkóso rédíò àti amóhùnmáwòrán, ti iléeṣẹ́ náà pa. Gómìnà kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ rédíò ìlú di ọ́fíìsì INEC. Ẹni tó bá rántí 1983 kò ní fi ìyẹn ṣeré. Síbẹ̀, ìjọba tó ti ilé náà pa jẹ́ ti ẹgbẹ́ tó ń bá gómìnà du ìbò, odindi iléeṣẹ́ ni wọ́n sì tì nítorí ẹnu ẹnì kan. Ẹni tó fẹ́ fi ìkéde òkú bàbá rẹ̀ sórí rédíò láti Arámọkọ lọ́sẹ̀ yẹn kò bá ẹnikẹ́ni dupò.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ tún kan ọmọ apá ọ̀dọ̀ wa. Láti 1992 ni òfin ti gba aládàáni láyè láti ní rédíò. Yínká Ayéfẹ́lẹ́, ọmọ Ìpótì nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò, tí jàǹbá ọkọ̀ ọdún 1997 sọ di ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, fi owó tó rí nídìí orin kọ́ ilé kan n'Ìbàdàn, ó sì dá Fresh FM sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ 2018, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti Abíọ́lá Ajímọ̀bí gbé katakata lọ síbẹ̀, wọ́n wó apá kan rẹ̀. Ìjọba ní kò tẹ̀ lé ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ayéfẹ́lẹ́ ní ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ òun ń sọ lórí afẹ́fẹ́ ló ń bí wọn nínú. Nígbà tó yá, wọ́n parí ìjà, ìjọba sì gbà láti tún un kọ́. N kò ní gba ipò adájọ́ lórí ìwé ilé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo onílé rédíò tó gbọ́ ìró katakata náà ló lóye rẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ́ pé ìpolówó ọjà ìjọba ló ń gbọ́ bùkátà ilé rẹ̀ kò nílò katakata rárá.

Ọ̀nà mìíràn wà, kò sì jìnnà. Ní Gánà ní 1993, mínísítà ètò ìṣúná sọ ti ìṣúná owó lórí rédíò àti amóhùnmáwòrán ìjọba, GBC. Ẹgbẹ́ alátakò NPP ní àwọn fẹ́ irú àyè kan náà láti fèsì. GBC kọ̀. NPP lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ilé ẹjọ́ sì ní òfin ilẹ̀ Gánà fi dandan lé e pé kí iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba gba ohùn tó yàtọ̀ síra láyè. Kí wọ́n fún wọn. Ohun tí Awólọ́wọ̀ béèrè ní 1953 gan-an nìyẹn, ogójì ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tó jẹ́ aládùúgbò wa. Gánà tún dá àjọ kan sílẹ̀, National Media Commission, tí òfin fún ní iṣẹ́ yíyan ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba, kó má bàa jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan ló wà nídìí ẹ̀rọ.

Àwa náà ní òfin. Abala 95 nínú òfin ìdìbò 2022 sọ pé kí wọ́n má fi iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba gbe ẹgbẹ́ kankan, kí wọ́n pín àkókò dọ́gba fún gbogbo ẹgbẹ́ ní wákàtí tó jọra. Mo fẹ́ kó hàn ní Èkìtì kí ó tó hàn níbòmíràn, nítorí pé láti oṣù kẹwàá 2022, ọmọ ìwọ̀-oòrùn Èkìtì gan-an, Gómìnà Abíọ́dún Oyèbánjí láti Ìkógòsì, ni kọ́kọ́rọ́ ilé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin kan láti ilé aṣòfin Adó tó máa gba yíyan ọ̀gá rédíò kúrò lọ́wọ́ gómìnà, tó sì máa kọ ẹ̀tọ́ èsì sílẹ̀ pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú rẹ̀, kò ní gba owó púpọ̀.

Nísinsìnyí, àwọn ará Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n ti ń fèsì fún asọ̀rọ̀mágbèsì, lórí ètò tí wọ́n máa ń gba ìpè àwọn olùgbọ́. Ẹ ó gbọ́ wọn láàárọ̀: wọ́n á kí gbogbo ilé, wọ́n á sọ ibi tí wọ́n ti ń pè, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó bàjẹ́ ni àwọn bá wá, pé nígbà tí gómìnà wá ní ọjọ́ báyìí, ohun tó sọ ni pé. Ìgbà náà ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ máa fi ohùn jẹ́jẹ́ wọlé: a ti gbọ́ yín sà, ẹ ṣé, ẹ jẹ́ ká gba ìpè mìíràn.